Ẹnu Tó Ń Ráhùn

Ẹ má tíì bẹ̀ mí. Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi tí mo pọ̀n dàgbà, òun ló ṣe mí báyìí.

Kí àìsàn rọpárọsẹ̀ tó gba ohùn lẹ́nu Màmá, mo ti gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi: ìtàn, ẹ̀fẹ̀, àní èébú tí wọ́n máa ń bú mi tí ìrẹsì bá jóná. Ohùn yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù. Mo wá bẹ àbúrò mi, tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹun, pé kó kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà mi, tí yóò máa ṣe ẹ̀dà ohùn náà sínú dísìkì tiẹ̀, ibi tó ń kó nǹkan pa mọ́ sí, láràárọ̀, kó sì da gbogbo ohun tí àṣẹ náà bá sọ sínú fáìlì kan, kí n lè máa kà á.

Ó kọ ọ́. Àmọ́ fáìlì ń sọ pé "Iṣẹ́ parí," ojú kọ̀ǹpútà sì ń tú ọ̀rọ̀ mìíràn jáde tí n kò lóye. Mo pè é. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu méjì ni àṣẹ ní. Ọ̀kan ń jíṣẹ́, ọ̀kan ń ráhùn. Èyí tó ń jíṣẹ́ nìkan ni mo darí sínú fáìlì. Màá tún un ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, ojú kọ̀ǹpútà dákẹ́ rọ́rọ́, "Iṣẹ́ parí" nìkan ló sì wà nínú fáìlì. Mo yìn ín títí.

Kọ̀ǹpútà mi kú lọ́sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. A ṣí dísìkì àbúrò mi. Fíìmù tó máa ń wò ló kún ibẹ̀. Kò sí Màmá níbẹ̀ rárá.

"Ẹnu tó ń ráhùn ńkọ́?" mo bi í. "Ṣebí inú fáìlì lo darí ẹ̀ sí?"

Ó wolẹ̀. "Mo darí ẹ̀ síbi tí ohun tó bá wọlé kì í jáde mọ́."

"Ṣó o ka ohun tó ń sọ kó o tó dà á nù?"

"Ó ní dísìkì ti kún. Mo fẹ́ pa fíìmù díẹ̀ rẹ́. Ọwọ́ mi ló dí."

Ọwọ́ ẹ̀ dí. Ẹnu ẹ̀ náà dí, tí kò fi lè sọ fún mi? Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ó wọ yàrá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, ó ń sunkún. Màmá ò mọ ohun tó ṣe. Wọ́n fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ pa á lórí, wọ́n ń wò mí bíi pé èmi ni mo lù ú. Ẹnu wọn ń mì. Ká ní ti tẹ́lẹ̀ ni, wọn ì bá ti pe orúkọ mi pé kí n fi ọmọ sílẹ̀. Mo gbìyànjú láti rántí bí orúkọ náà ṣe máa ń dún lẹ́nu wọn. N kò rántí.