Èékánná Bàbá Àgbà

Ṣadé, jọ̀ọ́, má tíì rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí ìtàn bàbá bàbá mi? Kùmásí ni wọ́n lọ ṣòwò, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọṣẹ́ ológun òyìnbó, ogun sì gbé wọn dé Bọ́mà. Wọn ò padà wálé. Ṣọ́jà ẹgbẹ́ wọn kan ló mú irun àti èékánná wọn bọ̀ nínú páálí ìṣáná, bí a ti ń ṣe fẹ́ni tó kú sí ìdálẹ̀. Òun la sin sí yàrá tí mò ń sùn.

Lójú àlá, ọ̀sán gangan ni. Omi òkun kún pálọ̀ wa dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bàbá àgbà yìí wọlé lẹ́sẹ̀ lásán, wọ́n so bàtà ṣọ́jà kọ́ ọrùn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Bí mo ṣe gbójú sókè, pálọ̀ ti di igbó, òjò ń rọ̀, àga ìyá mi ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ibo ni kí n sùn sí?”

Mo ní, “Bàbá, a ti sin yín.”

Wọn ò bínú. Wọ́n kàn na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Èékánná wọn gùn, ó ti ká bí ìwọ̀, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni gé rí.

Wọ́n rọra bi mí pé, “Ta wá lẹ sin?”

Mo ta jí. Bóyá ó nítumọ̀, bóyá kò ní, n ò mọ̀. Àmọ́ láti ìdájí ni mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbí, torí orí sàréè yẹn gan-an ni bẹ́ẹ̀dì mi wà, Ṣadé, n ò sì mọ ẹni tí mò ń sùn lé lórí.