Okùn Tí Dáúdà Kò Pààrọ̀ Rí

Dáúdà bíríkìlà ní okùn tó wà lára rílì ìpẹja òun ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀nà ẹ́síprẹ́ẹ̀sì ṣì jẹ́ igbó, òun kò sì pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ó ní òun fi fa katapílà kan jáde nínú ẹrẹ̀ ní Awoyaya, tí dírẹ́bà inú rẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń fa òun, tó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lọ, tí tíì ọwọ́ rẹ̀ kò sì dànù. Lọ́jọ́ kejì, okùn kan náà ló fi fa ẹja tó gùn tó ọkọ̀ akérò, ó kàn dá a padà sínú òkun ni torí pé kò sí ìkòkò tó lè gbà á.

Gbogbo àwọn tó ń pẹja létí òkun rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Màríámù, tó ń dín ẹja tà lẹ́yìn wọn, kò rẹ́rìn-ín. Òkè ló ń wò. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò lè dín ẹja láìwo òkè, torí pé òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò.

Bẹ́ẹ̀ ni, òkò. Ó máa ń dún fíìì, bí ìgbà tí òkú bá ń súfèé, lẹ́yìn náà, gbì! Èyí àkọ́kọ́ bọ́ sínú yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀. Èkejì gba inú pákó àtíbàbà kọjá, ó lu ihò róbótó sí ibi tí orí Àjíkẹ́, ọmọ Màríámù, máa ń wà tí ìyá rẹ̀ bá pọ̀n ọ́n tó sì nàró. Ọpẹ́lọpẹ́ pé Màríámù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti koná. Wọ́n wá òkò náà títí, wọn ò rí i, yanrìn ti gbé e mì.

Dáúdà náà ló kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀. Ó ní yanrìn tí wọ́n ń dà sínú omi láti Lekki títí dé Ajah nítorí ilé kíkọ́ ti sú òkun, òkun ti ń dá a padà lẹ́yọ lẹ́yọ, obìnrin tó ń dáná lórí yanrìn ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ oorun kúrò lójú Màríámù. Ìyá rẹ̀ ti ní kó kó ìkòkò wá sí ọ̀nà Addo. Ṣùgbọ́n ní Addo, àwọn tó ń dín ẹja ti pọ̀ ju ẹja lọ. Ibí yìí, tí ẹja ti ń jáde nínú omi bọ́ sínú epo, ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀ wà. Bó bá kúrò, kí ni wọ́n máa jẹ? Bó bá dúró, orí ọmọ ńkọ́?

Bàbá Ọlálérè, ọmọ onílẹ̀ Ajah tí ilé onílé ti bo gbogbo oko bàbá rẹ̀, ló dá Dáúdà lóhùn lórí ọ̀rọ̀ okùn. Ó ní òun máa ń pààrọ̀ okùn òun kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun á tún pààrọ̀ rẹ̀ tí òjò bá dá, torí pé iyọ̀ àti oòrùn ń jẹ okùn ọ̀rá díẹ̀díẹ̀, ojú kì í sì í tètè rí i. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè lò ó fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n kéèyàn tó ju ìwọ̀ lójoojúmọ́, kó fi èékánná ha ìdí okùn wò. Tó bá ti ń họ ọwọ́ bí irùngbọ̀n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, kó gé e dànù.

Dáúdà ní ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ nìyẹn. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, okùn yẹn náà ni òun ń nà láti igun ilé dé igun ilé kí búlọ́ọ̀kù lè gún, tó bá di Sọ́ńdè, òun á fi omi òkun ṣàn án, òun á sì ká a padà sára rílì. Ó ní sìmẹ́ǹtì ló ń fún un lágbára.

"Okùn tó ń gbé ilé dúró, Bàbá, ẹja wo ló fẹ́ já a?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ojú ọ̀run ti ń ṣú, ìgbì ti ń ga, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀. Kálukú yára ju ìwọ̀ sínú òkun kí òjò tó dé.

Fíìì.

Màríámù dà bo ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìkòkò ẹja ni òkò náà bà. Epo gbígbóná ta sí i lápá, ó tú dà sínú iná, iná sì fò sókè ga ju àtíbàbà lọ. Nígbà tí iná rọlẹ̀, Màríámù fi ṣíbí wá inú ìkòkò. Lábẹ́ ẹja ló ti rí òjé dúdú kan, tó tóbi tó ẹyin ẹyẹlé, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ okùn kí ìwọ̀ lè lọ jìnnà. Kókó okùn kékeré ṣì wà nídìí rẹ̀.

Dáúdà ní ẹja ló ti gbé òjé náà mì tẹ́lẹ̀, òkun ló pọ̀ ọ́ jáde.

Bàbá Ọlálérè yí òjé náà lọ́wọ́. "Òkun kọ́ ló ta kókó yìí," ó wí. Ó ní tí okùn tó ti kú bá já nígbà téèyàn gbé ọ̀pá sẹ́yìn láti ju ìwọ̀, ẹ̀yìn ni òjé ń gbà lọ. Ó ní kí gbogbo wọn ká okùn wọn wọlé.

Wọ́n ká a. Òjé ń mì jolojolo nídìí okùn kálukú. Dáúdà nìkan ni kò ká tirẹ̀. Ó fara sẹ́yìn, ó di ọ̀pá mú, òógùn bò ó. Ó ní ohun ńlá kan ti gbé ìwọ̀ òun, tí òun bá fà á, òkun á tẹ̀ lé e wá sílé.

Màríámù gbé ọmọ fún Bàbá Ọlálérè. Ó wọ inú omi dé orúnkún pẹ̀lú apá rẹ̀ tó ti bó, ó di okùn Dáúdà mú níwájú ọ̀pá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

"Ìyá Àjíkẹ́, fi sílẹ̀. Á gé ọ lọ́wọ́," Dáúdà wí.

Ó ń fà á lọ. Okùn ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú ìró tó ti gbó, ó ń já mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń fi funfun sìmẹ́ǹtì kun àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ yọ nínú ìgbì. Kò sí ìwọ̀, kò sí òjé, ó kàn kákò bí irun tí iná rà ni.

Ó gbé e sókè síwájú ojú Dáúdà. "Bọ̀ọ̀dá Dáúdà, ẹja yín dà?"

Dáúdà wo Bàbá Ọlálérè, ó wo ọmọ tó gbé dání. Ó ju ọ̀pá sómi, ó fi eré sí i, ó forí lé ọ̀nà ẹ́síprẹ́ẹ̀sì. Yanrìn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tú sókè tó èyí tí wọ́n lè fi kún pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ méjì, kò sì bojú wẹ̀yìn.