Mo Mọ Lẹ́tà Ìsàlẹ̀ Sórí

Ata ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé mo pupa o. Inú ló máa ń tètè bí mi, ẹnu mi sì mú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rín ni mò ń ṣe. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bàálù tí mo máa ń kí yín káàbọ̀, èmi ni mo ń gbé omi fún yín, èmi náà ni mo ń sọ fún yín pé kí ẹ de bẹ́líìtì yín. Ẹ̀rín yẹn, mo máa ń wọ̀ ọ́ bí ẹni wọ bàtà ni. Tí mo bá délé, màá bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bàálù ti ń yí lọ síbi tó ti máa gbéra. Mo dúró láàárín èrò, mo mú bẹ́líìtì àpẹẹrẹ dání, mò ń fi bí wọ́n ṣe ń dè é hàn wọ́n. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan jókòó nítòsí mi, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ni wọ́n ti ń bá ara wọn fà á, nítorí pé obìnrin náà gbé àpò rẹ̀ síbi tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ na ẹsẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ àpò lásán. Ni ọkùnrin yìí bá gbá a létí, gbogbo bàálù gbọ́ ọ. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe sùúrù." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó yíjú padà, ó gbá obìnrin náà lórí mú, ó sì gbá a mọ́ fèrèsé. Imú obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ sára aṣọ rẹ̀.

Mo ju bẹ́líìtì ọwọ́ mi sílẹ̀, mo di ọkùnrin náà mú lọ́rùn ẹ̀wù. Wọ́n kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń mú èrò tó bá ń ṣe wèrè: ìka méjì lábẹ́ etí, kí o tẹ̀ ẹ́, kí o yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, kí o máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbàgbé. Mo fa ẹ̀wù náà títí bọ́tìnnì fi ń já dànù, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi láyà, èémí mi gé, ni mo bá ki eyín bọ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má bínú, mo gé e jẹ ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún ẹnu mi, inú mi sì dùn sí i. Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo àwa tá a wà nínú bàálù náà, ti ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó mú okùn ọ̀rá tá a fi ń de èèyàn lọ́wọ́. Kó tó dé, ọkùnrin náà ti ṣubú sáàárín ìjókòó, mo ti gbé orúnkún lé e lẹ́yìn, mò ń fi orí rẹ̀ gbálẹ̀. Mo ti rò pé ó ti tán nígbà tí ẹnì kan na irin mọ́ mi lójú òsì.

Ìyàwó rẹ̀ ni. Obìnrin tí mo torí rẹ̀ di ẹranko láàárín èrò, òun ló mú bẹ́líìtì tí mo jù sílẹ̀, tó fì í, tó fi irin ẹnu rẹ̀ gbá mi lójú. "Fi ọkọ mi sílẹ̀," ló ń wí. Ó tún fì í lẹ́ẹ̀kejì, ó tún bá ojú yẹn kan náà, kí Ẹ̀gbọ́n tó já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní onílàjà ní í fara gbọgbẹ́. Èmi gan-an kì í kúkú ṣe onílàjà, jíjà ni mo ń jà, mo gbà. Ṣùgbọ́n nítorí ta ni mo ṣe ń jà?

Bàálù yí padà, ọlọ́pàá wọlé, wọ́n wọ́ ọkùnrin náà lọ. Wọ́n tì í mọ́lé, kò pẹ́ tí wọ́n tún fi tú u sílẹ̀. Èmi ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú, òun ló ń gba gbogbo ohun tí a bá rí. Dókítà ní ó ti ya. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ojú náà là, ó dára lójú ẹni tó bá ń wò mí. Kódà ìyá mi ní ó ti wá ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ bo ti ọ̀tún, bí ẹni ń wo nǹkan láti inú ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹran ni, apá ẹ̀gbẹ́ òsì sì ṣókùnkùn pátápátá. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tí wọ́n bá ṣe léṣe lójú kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù mọ́ àfi tó bá tún yege nínú àyẹ̀wò. Wọ́n á wo etí rẹ, wọ́n á wo ẹ̀dọ̀fóró rẹ, wọ́n á ní kí o na ọwọ́ sókè kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ lè tó ibi ẹrù lókè. Ìyẹn rọrùn. Ti ojú ló le, torí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dán ojú méjèèjì wò. Gíláàsì ojú kì í ṣe wàhálà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń lò ó, wọ́n kàn fẹ́ kí o ní òmíràn lápò ni. Ojú tí gíláàsì ò bá rí tún ṣe ni òfin lé kúrò. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ mi, òun ni mo fi ń gbọ́ bùkátà ìyá mi, kò sì sí ohun mìíràn tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ká sọ tòótọ́, mo tún fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Àṣà kan wà láàárín àwa tá a ń fò. Pátákó lẹ́tà kan náà ni dókítà fi ń dán ojú wa wò láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tí kò mọ lẹ́tà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sórí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń de ṣíkáàfù ọrùn, àwọn àgbà á ti fi lẹ́tà yẹn sí i lẹ́nu. A máa ń kọ ọ́ lórin tá a bá ń to kọ́ọ̀pù. Ẹ̀gbọ́n wá sílé mi, ó jókòó síwájú mi, ó fi ṣíbí bo ojú ọ̀tún mi, ó ní kí n kà á.

"O kà á geere jù," ó ní. "Wọ́n á fura. Tó o bá dé ìkẹta, dúró díẹ̀, di ojú pọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ rú ọ lójú. Lẹ́yìn náà kí o wá kà á."

Ìyá mi ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé wíwò ni wọ́n ní kó wò ó," ó bi wá, "àbí orin ni wọ́n ní kó kọ?"

"Màmá, ẹ fi wá sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ojú ọ̀tún rẹ̀ ń ríran. Ojú kan ò kéré." Ìyá mi ní ojú kan náà ni òun ń fi sùn tí òun bá ń ṣọ́ olè, ó bá tirẹ̀ lọ.

Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé, obìnrin yẹn ni mò ń rò. Mo máa ń rò ó pé tí mo bá rí i, mi ò ní pariwo, mi ò ní bú u, màá kàn ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ lójú ni. Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, mo wọ aṣọ iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n fi mọ́tò gbé mi lọ, ó ní òun á dúró dè mí níta. Mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú yàrá dókítà. Ta ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì? Òun ni. Wọ́n fi báńdéèjì di ojú kan rẹ̀, ètè rẹ̀ wú, irun rẹ̀ ti já níbì kan. Ẹlòmíràn ti bá mi ṣe é.

"Àǹtí," ó ní, "ẹ ò mọ̀ mí mọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́. Dúpẹ́ pé ilé ìwòsàn la wà."

"Tí mo bá jókòó tí mò ń wò yín lọ́jọ́ náà, tí mi ò gbèjà rẹ̀, ó máa pa mí tá a bá délé. Mo gbá yín kó lè rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà."

"Ó wá rí i?"

Ó fọwọ́ kan báńdéèjì rẹ̀. "Ó rí i. Ó ní ọwọ́ mi yá. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń lu èèyàn, pé tí òun ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, òun ni màá lù lọ́jọ́ kan."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, inú tún bí mi, àánú rẹ̀ tún ṣe mí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú níbẹ̀. Apá òsì mi ló jókòó sí. Mo gbójú kúrò lára rẹ̀, mo ń wo ilẹ̀kùn dókítà níwájú mi, mo ń ka lẹ́tà mi lábẹ́lẹ̀. Mo ti dé ìkẹta, ibi tí mo ti máa dúró díẹ̀, nígbà tí bẹ́ǹṣì mì lábẹ́ mi. Mo gbọ́ bí nǹkan ṣe ń wọ́ nílẹ̀. Mo yí orí pátápátá kí n tó rí i: ọkọ rẹ̀ ti wọlé, ó ti gba iwájú èrò kọjá, ó ti dì í nírun mú, ó ti ń wọ́ ọ lọ. Ó sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀wù rẹ̀ fi kan èjìká mi, mi ò sì rí i rárá.

"Ta ló ní kó o wá sí ilé ìwòsàn?" ló ń bi obìnrin náà. "Ta lo fẹ́ sọ fún?"

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò gbàgbé ẹ̀kọ́ mi. Mo fi ìka méjì tẹ abẹ́ etí rẹ̀, ó jọ̀wọ́ irun náà, mo yí ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ta mí nípàá lórúnkún, mo tún yí i sí i. Nǹkan kan dún kọ́ ní èjìká rẹ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ó ti tó, mo tún yí i díẹ̀ sí i, mo sì ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa: "Ẹ fara balẹ̀ sà. Ẹ má mira sà." Ó ń ké, ó ń tutọ́ sílẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n wá já a gbà lọ́wọ́ mi, tí wọ́n gbé e jáde. Obìnrin náà ò na ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sílẹ̀, ó di etí yẹ̀rì iṣẹ́ mi mú. Ẹ̀rù ba èmi náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọkọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pè mí. Dókítà bi mí bóyá ká fi í sí ọjọ́ mìíràn, mo ní rárá. Ó bo ojú òsì mi, mo ka pátákó náà látòkè dé ìsàlẹ̀. Ó wá bo ti ọ̀tún.

"Ẹ ka ìlà ìsàlẹ̀ fún mi."

Lẹ́tà náà ti wà lẹ́nu mi. Mo ti la ẹnu. Àmọ́ iṣẹ́ tèmi tí iná bá sọ ni kí n wo ìta láti fèrèsé kékeré kí n tó ṣí ilẹ̀kùn fún èrò, torí ẹni tó bá ṣí i sójú iná ti pa wọ́n tán. Ẹ̀gbẹ́ òsì mi ni fèrèsé yẹn máa ń wà.

"Dókítà," mo ní, "mo mọ̀ ọ́n sórí. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí." Mo sì kà á fún un láìdúró níbì kankan. "Mi ò rí ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó tóbi tó ilẹ̀kùn yín yìí gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé, ó wọ́ èèyàn lórí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí, mi ò rí i. Iná ni màá wá rí?"

Ó mú bírò, ó ní òun á kọ ohun tí òun bá rí. Mo ní kó kọ ọ́.

Mo jáde, mo wọnú mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n jókòó sídìí ọkọ̀ lápá òsì mi, òun náà wọ aṣọ iṣẹ́, torí ó ti fọkàn sí i pé a jọ máa fò lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní, "Ṣé o kà á?"

"Mo kà á."

"Ọpẹ́ o. Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé wàá yege."

"Mo tún sọ fún un pé mi ò rí i. Mo sọ fún un pé gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sórí."

Iwájú ni mò ń wò, mò ń wá bí màá ṣe ṣàlàyé fún un, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́," nígbà tí ìfọ́tí bà mí lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. Ó dún. Etí mi hó. Ẹ̀gbọ́n kò gbá mi létí rí, kò sì sí ẹni tó gbọ́wọ́ sókè sí mi rí níbi iṣẹ́ tí mi ò gba ọwọ́ náà mú kó tó délẹ̀. Wọ́n mọ̀ mí bẹ́ẹ̀.

Mo yíjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Ata," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "o ò ṣẹ́jú."

"Mi ò mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni."

Ó tún gbé ọwọ́ náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ojú mi, ó rọra ń mì í. Mo ń wo iwájú. Mo bi í pé ṣé ó ti gbé ọwọ́ náà wá ni. Ó fi orí lé ìdarí ọkọ̀, ó sì bú sẹ́kún.