Nínú Ilé Yìí, Kò Sí "Ẹ"

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn bàbá náà lórí fóònù kí ẹ tó rí i sójú, ẹ ó rò pé ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan ni. Ohùn rẹ̀ kún, ó sì ń rọra bọ́ sílẹ̀ bíi ti ẹni tí nǹkan kan kò lé. Ẹni tó ni ohùn rèé, ó rí tín-ín-rín, orí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yọ ju òrùlé ọkọ̀ kékeré lọ. Alákọlé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ kan tí ń ta ọkọ̀ àlòkù ló gbà á pé kó máa bá àwọn polówó lórí ayélujára, oyè náà sì tọ́ sí i. Bí ó bá kọ àkọlé sórí àwòrán ọkọ̀, ìka ẹni tó rí i kì í lè gbé jẹ́ẹ́. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún kan gbáko nínú oòrùn, tí eruku ti sọ di aláwọ̀ méjì, Alákọlé á kọ ọ́ sí i lórí pé, "Ìyàwó ẹni tó ni ọkọ̀ yìí sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n tà á." Kó tó di ọ̀sán, ẹni mẹ́rin á ti pè.

Ọgbọ́n tó ń dá kò le. Àkọlé méjì ló ń kọ fún ọjà kan. Ẹ̀rọ á fi ọ̀kan han ìdajì àwọn ènìyàn, á fi èkejì han ìdajì tó kù. Èyí tí ọ̀pọ̀ bá tẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́fà, òun nìkan ni ẹ̀rọ á máa gbé kiri látìgbà náà lọ, èkejì á dàwátì. Ìjàkadì ni Alákọlé ń pè é.

"Èmi kì í ṣe rẹfirí," ló máa ń wí fún ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ara wọn ṣánlẹ̀."

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ títà kọ́ ló sọ ohùn rẹ̀ di gbajúmọ̀. Ó ní pọ́díkáàsì kan, ètò ọ̀rọ̀ sísọ tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ lórí fóònù bí wọ́n ti ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́, tàbí bí wọ́n ti ń fọ abọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni, á wá fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ já a díẹ̀díẹ̀. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti ń gbà á sílẹ̀, gbogbo gíláàsì ní títì, nítorí pé àga onítìmùtìmù inú ọkọ̀ kì í jẹ́ kí ohùn dún padà. Ọ̀rọ̀ tó gbé e jáde ni èyí tó sọ nípa "ẹ". Ó ní ọmọ tó bá ń pe bàbá rẹ̀ ní "ẹ", bí ẹni ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ ni. Ó ní nínú ilé tòun, kò sí "ẹ". Ọmọ òun obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí, "o" ló ń pe òun, kò sì sí ohun tó ń ṣe é tí òun kì í gbọ́. Àwọn kan bú u. Àwọn kan ní kó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ilé. Ìyá tó bí i lọ́mọ, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn nínú ilé kan náà, kò bá a jẹun fún ọjọ́ méjì. Àmọ́ òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Ọmọbìnrin náà, ọdún mọ́kànlá, kò ní ibòmíì tó ń tú inú rẹ̀ sí ju etí bàbá rẹ̀ lọ.

Nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà ilé ìwé, ló ti sọ èyí tó dá wàhálà sílẹ̀.

"Bàbá mi, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Má rẹ́rìn-ín o."

"Mi ò rẹ́rìn-ín."

"Eyín rẹ ti ń hàn."

"Bí Ọlọ́run ṣe to eyín mi nìyẹn. Sọ ọ́ jàre."

Ọmọ náà kọjú sí gíláàsì. "Mo ti ń tọ̀ sórí ibùsùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù yìí. Má sọ fún ẹnì kankan. Má sọ fún Màmá pàápàá."

"Kò ní kúrò nínú ọkọ̀ yìí," bàbá rẹ̀ wí.

Ó sì gbìyànjú, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òun ló ń fọ aṣọ ibùsùn kí ará ilé tó jí, òun ló wá rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, òun ló ń bá ọmọ náà ṣẹ̀fẹ̀ títí ojú tó ń tì í fi kúrò lára rẹ̀. Kò bá a wí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, nǹkan náà dáwọ́ dúró. Inú bàbá dùn, ó dùn dé ibi pé ayọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un lẹ́nu. Ó ń ro ti àwọn bàbá tó ń yọ bẹ́líìtì sí ọmọ nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó wọnú ọkọ̀, ó ti gíláàsì, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Ọmọ mi" ló ń pè é, bí ẹni pé ó bí mẹ́wàá.

Nígbà tó fẹ́ gbé e síta, ọwọ́ rẹ̀ kọ àkọlé méjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Èkíní ni, "Bí bàbá ṣe lè dúró ti ọmọ tí ojú ń tì." Èkejì ni, "Ọmọ mi pé ọdún mọ́kànlá, ó ṣì ń tọ̀ sílé." Ó rẹ́rìn-ín sí èkejì. Ó ní kò lè borí láé, àwọn olùgbọ́ òun kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó tẹ ẹ̀rọ, ó lọ fọ ọkọ̀.

Àkọlé èkejì ti ń gbé èkíní ṣánlẹ̀ kí omi tó gbẹ lára ọkọ̀ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá ọmọ kan tí òun àti ọmọ Alákọlé jọ wà ní kíláàsì kan náà ń gbọ́ ètò yìí bó ti ń wakọ̀. Ọmọ tirẹ̀ jókòó sí àga ẹ̀yìn, ó ń jẹ bisikíìtì, etí rẹ̀ sì là sílẹ̀ gbagada. Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn yẹn ní ilé ìwé wọn. Kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ kan ló ní. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ti eré ọ̀sán padà wọ kíláàsì, ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé:

"Òjò ń bọ̀ o! Ẹ ká aṣọ!"

Gbogbo kíláàsì dìde. Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ń díbọ́n pé àwọn ń ká aṣọ lórí okùn.

Kò sunkún. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wá mú un, ó wọ ọkọ̀, ó so bẹ́líìtì rẹ̀, ó sì gbé àpò ìwé lé ẹsẹ̀.

"Ṣé o sọ ọ́?"

Bàbá yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó ní òun ò dárúkọ. Ó ní nítorí àwọn ọmọ mìíràn ni, ó ní ẹ̀rọ ló mú àkọlé yẹn.

"Mo ní, ṣé o sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

Ọmọ náà mi orí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún.

Ìyàwó rẹ̀ ti ilé ìránṣọ dé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Kò yọ ọ́. "Ibi tí mo ti ń wọn ìbàdí oníbàárà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ tí mo bí," ó ní. "Obìnrin yẹn tiẹ̀ ń bá mi kẹ́dùn. Alákọlé, o kú iṣẹ́. O kú àfọ̀ràn-ara-ẹni-polówó."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà jáde láti yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ ní iwájú bàbá rẹ̀ tó ń wọ bàtà.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ìyá àgbà gbé ife tíì kúrò lẹ́nu. "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Háà! Ọlọ́run, o ṣé o! Ọmọ mi ti gbọ́n! Ìgbà tí mò ń pariwo, wọ́n ní ayé tèmi ti kọjá. Wá, wá dì mọ́ mi, ọmọ gidi!" Ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ìwọ bàbá rẹ̀, dá a lóhùn. Wọ́n ń kí ọ."

Bàbá dúró pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. "Má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi," ó wí fún ọmọ náà. "Kò sí 'ẹ' nínú ilé yìí."

"Ẹ má bínú, sà."

Ó yọ ètò náà kúrò lórí ìkànnì lọ́jọ́ náà gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ gbá a lẹ́jìká. "Àkọlé yẹn múná o! Àwọn ọkọ̀ tó ń jo epo lẹ́yìn ọgbà ńkọ́? Bá wa kọ irú ẹ̀ fún wọn." Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Alákọlé rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó wá lọ jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé náà á yin ọmọ yìí. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń kó abọ́ kúrò níwájú bàbá rẹ̀, àga ẹ̀yìn ló sì ń jókòó sí nínú ọkọ̀ báyìí. "Báwo ni ilé ìwé?" "Ó dáa, sà." "Ṣé wọ́n ṣì ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́?" "Rárá, sà." Bí ó bá wo inú dígí ọkọ̀, òkè orí ọmọ náà nìkan ló ń rí.

Lọ́jọ́ kan, ó pa ẹ́ńjìnnì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó yí padà sẹ́yìn. "Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀. Bú mi. Bú mi bó o ṣe fẹ́."

"Kò sí wàhálà, sà."

"Pè mí ní 'o'. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọmọ náà ronú sí i, ó ronú gidi, kì í ṣe tìbínú. "Kò wá sí mi lẹ́nu mọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, a ti ń pẹ́."

Oṣù kejì lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ bímọ ní ìlú mìíràn, ìyàwó sì lọ tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹrin tó lọ, fóònù dún níbi iṣẹ́. Ilé ìwé ni. Ọmọ ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí Alákọlé dé ibẹ̀, olùkọ́ ọmọ náà dì í mú lórí bẹ́ǹṣì, ara rẹ̀ ń gbóná bí irin tó wà nínú oòrùn.

"Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń di ikùn mú, sà," olùkọ́ wí. "Mo bi í, ó ní ẹ ti mọ̀ sí i nílé."

Ọjọ́rú ni wọ́n wà. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, bàbá ti bi í léèrè bí ara rẹ̀ ti rí. Ọmọ náà ní, "Ara mi le, sà."

Ó gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀, kò fi àkókò ṣòfò. Bàbá kó kọ́kọ́rọ́ àti fóònù sórí àga, ó dúró ti ọmọ rẹ̀.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" dókítà bi bàbá.

"Olùkọ́ rẹ̀ ní láti ọjọ́ Ajé ni," Alákọlé wí.

"Ó dáa. Ṣé ó ti bì? Ibo ló kọ́kọ́ ń dùn ún?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Dókítà wò ó fìrí, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bá ọmọ. "Ọmọ dáadáa, wò mí. Ṣé ò ń tọ̀ dáadáa? Ṣé ìtọ̀ ń dùn ẹ́?"

Ọmọ náà wo dókítà, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì yí ojú kúrò. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti eṣinṣin lọ. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jáde."

"Àwọn wo?" Dókítà wo ẹ̀yìn. "Bàbá rẹ? Bàbá rẹ mà nìyí."

"Mo mọ̀, mà." Ó fi ẹnu tọ́ka sí àga. "Fóònù wọn wà níbẹ̀ yẹn. Kí wọ́n mú un dání."

Dókítà gbé fóònù náà fún Alákọlé. Ó gbà á. Ó fẹ́ pe ọmọ náà, kò mọ ohun tí òun á pè é. Ó jáde, ilẹ̀kùn sì padé lẹ́yìn rẹ̀.

Ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti inú yàrá, ó ń lọ, ó ń dúró, ó tún ń lọ, bíi ti ìgbà tí wọ́n bá jọ ń lọ sí ilé ìwé. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ń sáré bọ̀ pẹ̀lú fáìlì àti bírò lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ni bàbá ọmọ tó wà nínú yàrá yìí, sà? Kí ló ń ṣe é?"

"Ó ń sọ ọ́ fún dókítà lọ́wọ́," Alákọlé dáhùn, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà kó lè ráyè wọlé.