Àwọn Tí Owó Wọn Lé

Ìgbà kẹta nìyí tí Oiva máa kọjá lẹ́nu ọ̀nà báńkì náà láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, kò sì wọlé. Ó lọ dúró níwájú ilé ìtajà tó wà ní òdìkejì títì, ó ń wo pátákó tí wọ́n kọ iye owó kábéèjì sí bí ẹni pé wọ́n ní kó há a sórí. Yìnyín ti bo fìlà rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ẹsẹ̀ òsì ń dùn ún. Aago méjìlá ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn yẹn, wọn ò sì ní ṣí i mọ́.

Báńkì Ìfowópamọ́ Hietakorpi ti kógbá sílé láti oṣù kọkànlá. Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó àwọn afowópamọ́ ti dá owó gbogbo ìlú padà, títí dórí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún yúrò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn sì ká gbogbo èèyàn tí Oiva ń bá kí ara wọn. Ẹni tí owó tirẹ̀ bá lé ní iye yẹn nìkan ni ọ̀ràn kù sí lọ́rùn. Irú wọn gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ síwèé níwájú amòfin tí ilé-ẹjọ́ yàn láti ta ohun ìní báńkì náà, kí wọ́n lè rí ìwọ̀nba gbà nínú ohun tó bá pa. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, òní sì ló parí. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Hietakorpi pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, olówó ni.

Oiva sì ni tálákà ìlú.

Kò sí ẹni tó fi í jẹ oyè náà, òun náà kò sì kọ̀ ọ́. Ẹ̀wù òtútù kan náà ló ń wọ̀ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, búrẹ́dì àná tí wọ́n ti dín owó rẹ̀ kù ló sì ń rà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fi igbó kan sílẹ̀ fún un ní agbègbè tó jìnnà, tí ẹnikẹ́ni níbí kò mọ̀. Ogójì ọdún ló fi ń ta igi ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń kó owó rẹ̀ pamọ́. Ahun ni, ká má fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, àmọ́ ahun tí kì í pariwo ni.

Owó náà kọ́ ló ń tì í lójú. Ọ̀rọ̀ òrùlé ni. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ìjì ká òrùlé ilé rẹ̀, Raili tó múlé tì í sì bẹ ìlú lọ́wẹ̀ fún un. Opó ni Raili, ilé ẹ̀kọ́ ló ń gbá tó ń nù. Èèyàn méjìlélógún ló yọ láàárọ̀ Sátidé pẹ̀lú òòlù àti àkàbà, wọ́n ti dá owó páànù jọ kí wọ́n tó dé. Ẹni tí a bá ṣọ̀wẹ̀ fún ló yẹ kó bọ́ àwọn tó wá. Èyí náà, wọ́n gbé e kúrò lọ́rùn rẹ̀: Raili ru ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀wà wá láti ilé ara rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ti owó tó ṣẹ́kù bọ Oiva lápò. Ó ní kó fi ra igi ìdáná.

Gbólóhùn kan péré ni Oiva ì bá sọ: mo lówó. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Kò purọ́, ó kàn dákẹ́ ni. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, ó dà bíi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń bá wọn sá eré yẹn.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí aago méjìlá lù. Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀, ẹsẹ̀ Oiva sì ti ń yí sọ́nà ilé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gọ́ta yúrò ló lé. Iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni. Ó sọdá títì, ó gbọn yìnyín kúrò ní bàtà, ó sì ti ilẹ̀kùn ṣí, ó wọlé.

Raili ló kọ́kọ́ rí. Ó jókòó sídìí tábìlì kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú fúláàsì ńlá méjì àti ife. Níbikíbi tí èèyàn mẹ́ta bá ti pé jọ ní Hietakorpi, ẹnì kan á ti máa ta kọfí níbẹ̀ kí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé lè rówó lò. Oiva ì bá ti rò ó, kò rò ó.

"Bàbá Oiva, òtútù lé yín wọlé, àbí?" Ó ti ń fa àga jáde. "Ẹ sún mọ́ ibi tó móoru. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, àwọn olówó nìkan ló ń wọ ibí lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n á ka ẹ̀yin náà mọ́ wọn." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Pentti tó ń ta katakata wá lánàá. Ó fi kọ́là ẹ̀wù bojú bí ẹni tó jí adìẹ gbé."

Kí Oiva tó la ẹnu, obìnrin kan yọjú láti yàrá inú, ó mú ìwé lọ́wọ́. Saarela ni orúkọ rẹ̀, òun ni amòfin náà.

"Ó ku ẹnì kan. Kemppainen?"

"Kemppainen pọ̀ níbí," ni Raili dáhùn. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká Oiva. "Eléyìí kọ́. Eléyìí, àwa la bo òrùlé fún un." Bí ìyá ṣe ń fi ọmọ tó yege hàn ló ṣe sọ ọ́.

Amòfin náà wo ojú arúgbó náà, ó pẹ́ díẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka ojú. "Tó bá jẹ́ pé ẹ wá yáná ni," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "kò sí wàhálà. Màá kàn pa ìwé mi dé ni."

Ó yé Oiva. Kó ṣáà ti mi orí, ìlú á ṣì jẹ́ tirẹ̀, owó náà á lọ. Ọwọ́ Raili ṣì wà léjìká rẹ̀, ó gbóná. Ìtìjú bò ó láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì mọ èyí tó ń tì í lójú jù nínú pé wọ́n fẹ́ mọ̀ àti pé ó ń wù ú kí wọ́n má mọ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Oiva Johannes Kemppainen."

Ọwọ́ náà kúrò.

Ìfọwọ́síwèé kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Amòfin ka iye owó náà sókè nítorí pé òfin ní kó kà á, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé tí wọ́n bá ta ilé báńkì tán, tí wọ́n sì gba àwọn gbèsè tó wà níta, ọgọ́ta lè padà wá nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, bóyá láàárín ọdún mẹ́ta. Oiva ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni etí rẹ̀ wà.

Nígbà tó jáde, Raili ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ogún lẹ jẹ, àbí?" ó bi í, kò gbójú sókè. "Lẹ́yìn ìgbà òrùlé."

Ọ̀nà àsálà tún nìyẹn.

"Rárá. Ó ti wà nílẹ̀ kí ìjì yẹn tó jà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀."

Raili nu tábìlì títí dé etí rẹ̀. "Antero aládùúgbò wa gun àkàbà lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ń dùn ún. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní tóun bá sọ̀ kalẹ̀, ta ló máa ṣe é fún yín."

"Ojú ń tì mí, Raili. Màá san gbogbo ẹ̀ padà."

"Ta lẹ máa san án fún? Gbèsè kọ́. A ò kọ ọ́ síbì kankan." Ó ká aṣọ tó fi ń nu tábìlì sí méjì, ó tún un ká. "Inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tá a ń lọ sílé, à ń kọrin nínú ọkọ̀. Ìyẹn ńkọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ dá a padà?"

Raili bu kọfí sínú ife, bóyá torí pé ọwọ́ gbọ́dọ̀ rí nǹkan ṣe, ó sì tì í síwájú Oiva. Oiva nawọ́ mú un.

"Yúrò kan ni," ni Raili wí.

Láti ọdún mẹ́rin, kò sí ẹni tó gba owó kọfí lọ́wọ́ Oiva ní Hietakorpi. Tó bá ki ọwọ́ bọ àpò, wọ́n á fà á jáde fún un, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Raili dúró, ó gbé ọwọ́ lé agolo owó. Oiva wá inú àpò rẹ̀, ó rí yúrò méjì, ó sì gbé e sílẹ̀. Raili fún un ní ṣéńjì.

"Ṣé ẹ máa fi mílíìkì sí i?"

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti jọ ń mu kọfí, lójú fèrèsé ilé Raili, lójoojúmọ́ Ọlọ́run. Oiva di ife náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Rárá," ó wí jẹ́jẹ́, bí àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú. "Dúdú ni mo máa ń mu ún."