Aró Tó Kọ̀ Tí Kò Tàn

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé ó rọrùn láti fẹ́ ọlọ́gbọ́n. Mo fẹ́ ọ̀kan, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Onímọ̀ kẹ́místírì ni ọkọ mi, ṣùgbọ́n Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí aró ló fi gba orúkọ. Kì í ṣe aró aṣọ o. Inú omi ni wọ́n ń po tirẹ̀ sí. Wọ́n á tan iná alágbára sí i, aró náà á gba iná yẹn mọ́ra, á wá dá a padà ní ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan tó lágbára débi pé ó lè jó ohun tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ láì kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Léésà ni wọ́n ń pe irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ń ròyìn ọkọ mi fún yín báyìí, “ó” ni mò ń pè é. Lójú rẹ̀, “ẹ” ni. Ẹ má lọ sọ fún un.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, yàrá kan lókè ilé tí a háyà ni láàbù rẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà nísàlẹ̀, nínú àgbàlá. Bí mo bá ti dé láti ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ ọmọ, èmi ni mò ń pọn omi gun àtẹ̀gùn, èmi náà ni mò ń fọ ìgò rẹ̀. Mo máa ń fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni mò ń ṣan wọ́n, torí ẹni tó pọn omi ló mọ bí omi ṣe wúwo tó. Aláró á gbé ìgò sókè síbi fèrèsé, á ní, “Ọṣẹ ṣì wà lára èyí.” Èmi náà á ní, “Ẹ bá mi sọ̀kalẹ̀ lọ pọn omi sí i nígbà náà.” Á rẹ́rìn-ín, á da aró rẹ̀ sínú ìgò bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ. Aró náà tàn, ó sì lókìkí. Àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi owó rẹ̀ kọ́lé.

Ayé ò dúró sójú kan. Àwọn ẹ̀rọ léésà mìíràn dé tí kò nílò aró, ọjà tutù. Ẹlòmíràn ì bá káwọ́ gbera, ṣùgbọ́n ọkọ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Bátìrì ló yà sí. Ó ṣe ọ̀kan tí kì í gbóná, tó sì máa ń pẹ́ kó tó kú, ilé iṣẹ́ kan sì kọ́ láàbù tuntun fún un. Ọmọ wa obìnrin ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Irin kan wà nínú bátìrì yẹn tí kò fẹ́ rí omi sójú. Bí ìkán omi kan bá bá a, ìjà dé. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n ti ń tò ó, wọ́n á ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí èémí wọn má baà kàn án. Ìgò kan ṣoṣo, ọmọ mi á ṣan án títí n óò fi máa rò pé gíláàsì yẹn fẹ́ yọ́. Onímọ́tótó ni bàbá rẹ̀ ń pè é.

Ọjọ́ tí àwọn kan wá wo bátìrì náà, mo gbé tíì lọ fún wọn. Ẹsẹ̀ mi kan ti wọlé nígbà tí Aláró sáré wá, ó na ọwọ́ dí mi lọ́nà lójú gbogbo wọn.

“Má wọlé o! Ọwọ́ rẹ ò mọ́ tó ti ibí.”

Ọwọ́ mi! Ọwọ́ tó fọ ìgò rẹ̀ títí ó fi di èèyàn! Mo gbé tíì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo yí padà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi ò tẹ láàbù náà mọ́. Ó bẹ̀ mí nílé, ó ní ọ̀rọ̀ bátìrì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi. Mo ní mo ti gbọ́. Gbígbọ́ ni mo gbọ́, n ò gbà. Ṣé ẹni tó bú èèyàn lójú ọjà, inú yàrá ló yẹ kó ti máa bẹ̀ ẹ́? Ó dùn mí o, n ò ní purọ́. A jọ ń jẹ, a jọ ń sùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn wà láàárín wa.

Ojú mi ọ̀tún ti kú tipẹ́. Òsì ni mo fi ń kọ́ ọmọ, òun náà ni mo fi ń ka ìwé, tí mo fi ń mọ ẹni tó ń kí mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jí, mo rí i pé férémù ilẹ̀kùn wa wọ́.

“Ta ló tẹ ilẹ̀kùn yìí?” mo pariwo.

Ọmọ mi wá wò ó. “Màmá, ilẹ̀kùn tọ́ o.”

Mo wo ojú ọmọ náà, imú rẹ̀ náà wọ́. Àyà mi já. Èmi àti Aláró gba ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ lọ́jọ́ náà.

Dókítà náà, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wo ẹyinjú mi títí. Ó ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ló ń jò lẹ́yìn ojú, nítòsí ibi tí ìríran ti múná jù.

“Màmá, bí a ò bá dí i lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀jẹ̀ á bo ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè ló yẹ kí n fi jó o. Ẹ̀rọ tuntun wa ò ní àwọ̀ yẹn, tirẹ̀ lè jó ibi tí kò yẹ. Ògbólógbòó ẹ̀rọ kan wà nísàlẹ̀ tó ní i, ṣùgbọ́n aró tó ń lò ti tán. Ọkùnrin kan ló ń ṣe aró náà. N ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé.”

Mo nawọ́ sí ẹni tó jókòó tì mí. “Ó wà láyé o. Òun ló jẹ búrẹ́dì mi tán láàárọ̀ yìí.”

Dókítà fò dìde. Aláró ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ìyàwó mi, màá ṣe é. Kí ni aró sí mi? Mo lè dijú pò ó.”

Ìdí nìyẹn tí mo fi tún rí ara mi ní ọ̀nà láàbù yẹn. N kò wọlé o. Mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fọ ife tíì wọn, mo jókòó, mo káwọ́ lé itan. Ìyẹ̀fun aró tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tó bá sì tán, kò sí bí yóò ṣe rí òmíràn pò kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ọmọ mi fọ ìgò, ó ṣan án, ó tún un ṣan, ó fi atẹ́gùn gbígbóná gbẹ ẹ́. Bàbá rẹ̀ wọn aró, ó pò ó mọ́ omi tó mọ́ lóló, ó gbé e sí ẹ̀rọ kékeré tó fi ń dán aró wò láyé àtijọ́. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ náà ń kùn. Mo wá gbọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́.

“Kò tàn,” ọmọ mi wí.

Wọ́n pààrọ̀ gílóòbù tó ń tanná sí aró, kò tàn. Wọ́n po òmíràn, ìgò tuntun, omi tuntun, ó yọ pípọ́n rúsúrúsú bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò tàn. Aláró ní bóyá ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, ó ní kí ọmọ tún fọ gbogbo nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni aró ń dín kù. Àṣejù, baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún wọn? Èmi gan-an, mo rò pé mímọ́ ló fẹ́.

Nígbà tó yá, ọmọ mi jáde wá bá mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Màmá, ó ku ìwọ̀nba tí wọ́n lè pò lẹ́ẹ̀kan sí i. Dádì ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.”

Háà. Ọkùnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán! Ìbínú àti ẹ̀rù jọ gbé mi dìde. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi ò wá ní sunkún nígbà tí ìríran gan-an ń lọ. Mo rìn wọnú láàbù náà, ẹni tó bá fẹ́ kó dí mi lọ́nà. Àwọn ìgò tí wọ́n ti lò kún orí tábìlì. Mo mú ọ̀kan, mo gbé e lọ síbi omi lọ́dẹ̀dẹ̀, mo bu ọṣẹ ìfọ-ife sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Ìgò ni mo mọ̀ ọ́n fọ̀. Tí ọwọ́ mi bá ń fọ ìgò, ara mi á balẹ̀. Mo ṣan án lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ̀n ọ́n nù.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un ṣan.”

“Fi mí sílẹ̀ jàre! Ìgbà tí mo ti ń fọ ìgò, ta ló tíì bí ẹ?”

Mo gbé e lọ fún Aláró níbi tó jókòó sí. Mo ní, “Ẹ dìde. Ẹ po èyí tó kù. Bí kò bá tàn, ẹ ó máa fà mí lọ́wọ́ kiri nìyẹn, ẹ ò ní ráyè bátìrì mọ́.”

Ó gbé ìgò náà sókè síbi fèrèsé. Mo mọ̀ pé ó rí ọṣẹ lára rẹ̀. Ó la ẹnu, ó wò mí, ó pa ẹnu dé. Ó da aró sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bíi ti yàrá òkè, ó gbé e lọ sí ẹ̀rọ.

Ìmọ́lẹ̀ ìyeyè kan gún ògiri ní òdìkejì. Bí mo ṣe ríran tó, mo rí i. Ọmọ mi kígbe, ó dì mọ́ mi. Ọkọ mi ò kígbe. Ó tẹ ojú mọ́ ìgò yẹn bí ẹni tí wọ́n gbé lẹ́tà àtijọ́ fún, ó fi ìka kan gbo ẹnu ìgò náà, ó rí i pé ó ń yọ̀.

“Ọṣẹ ni,” ó wí. “Olúwa mi, ọṣẹ ni.”

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ó ní bí àwọn èérún aró yẹn bá wà nínú omi lásán, ńṣe ni wọ́n ń so mọ́ra wọn, tí wọ́n bá ti so mọ́ra wọn, iná wọn á kú. Ọṣẹ ló ń là wọ́n bí ẹni ń la ìjà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé aró náà, inú ìgò tí mo fi ọṣẹ sílẹ̀ sí lòun ti ń pò ó, òun ò mọ̀ pé ọṣẹ náà ló ń mú un tàn. Bátìrì ló wá kọ́ òun ní mímọ́, òun sì gbé mímọ́ bátìrì wá síbi aró.

Mo ní, “Ọwọ́ tí kò mọ́ náà ńkọ́?”

Ó gbé ìgò náà kalẹ̀. Ọmọ wa dọ́gbọ́n, ó ní òun fẹ́ lọ mu omi. Aláró jókòó sórí àga, omi ń yọ lójú rẹ̀. “Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn pé mo ṣẹ̀ ọ́, àmọ́ mo ń fi bátìrì bojú.” Inú mi rọ̀ díẹ̀. Àmọ́ inú yàrá náà nìyẹn, èmi sì ti sọ tèmi nípa inú yàrá.

Ó wọn ọṣẹ náà dáadáa sínú aró tí kò tàn tó ṣì wà nínú àwọn ìgò yòókù, ó fi ṣe tilé ìwòsàn. Ọjọ́ kejì a gbé e lọ. Dókítà kó àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn dókítà kéékèèké jọ láti wo ògbólógbòó ẹ̀rọ náà, yàrá kún. Ó ní, “Bàbá, àwọn aláìsàn mìíràn wà tó nílò aró yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa bí ẹ ṣe ń ṣe é.”

Aláró dìde láàárín gbogbo wọn. “Mo lè kọ́ yín ní ti aró. Ṣùgbọ́n aró nìkan kì í tàn. Ìyàwó mi ló fọ ìgò tó fi tàn, láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì fi ẹnu mi sọ lójú àwọn èèyàn pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́. Lójú ẹ̀yin náà ni mo fẹ́ ti sọ pé irọ́ ni mo pa. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Òun ló wẹ tèmi.”

Gbogbo wọn wò mí. Mo ní, “Ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má ṣe àṣejù.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, dókítà ní kí n gbé àgbọ̀n lé orí irin, kí n má mira. Ìmọ́lẹ̀ ìyeyè náà wọlé sí mi lójú fìrì, fìrì, kò dùn mí rárá.

Dókítà ò purọ́ fún mi. Ó ní ohun tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n èyí tó kù á dúró, yóò sì máa là díẹ̀díẹ̀. Ó ní n ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, n ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan tó wúwo. Bẹ́ẹ̀ ni Aláró ṣe di ẹni tó ń fọ àwo nílé wa. Mo jókòó sí pálọ̀, mò ń gbọ́ tí omi ń ṣàn nílé ìdáná ṣáá.

“Ẹ̀yin! Omi yẹn ń lọ o! Ṣé ẹ̀yin lẹ pọn ọ́n ni?”

Ó yára pa ẹ̀rọ omi. Kò pẹ́, ó gbé búrẹ́dì àti ẹyin wá fún mi, ó dúró, ó ń retí kí n yìn ín. Mo gbé àwo náà súnmọ́ ojú. Létí rẹ̀, lábẹ́ búrẹ́dì, mo rí ìfófó ọṣẹ kan, ó kéré bí orí abẹ́rẹ́, ó ń tàn. Mo rí i kedere. Mo bojú wo ilẹ̀kùn, férémù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́.

“Ṣé ó mọ́?” ó bi mí.

“Ó mọ́,” mo dá a lóhùn. Mo fi ìka nù ún kúrò, mo sì jẹ oúnjẹ mi.