Àfẹ́sọ́nà Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Lọ́dún 1987, nínú oṣù kẹjọ, Jọkẹ́ ọmọ ọmọ mi mú ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ wá sílé wa n'Íkòtún. Òyìnbó ni, ó sì ga kọjá bó ṣe yẹ kí èèyàn ga. Orí rẹ̀ kan àtẹ́rígbà, ó bẹ̀rẹ̀ wọlé. Ó nàró tán, ó kù díẹ̀ kí fáànù gbá a lórí. Mo kígbe pé kí wọ́n pa fáànù, kí n sì tó mọ̀, orin ti bọ́ sí mi lẹ́nu:

Ẹ bá mi gbé òrùlé sókè,
Àlejò mi ga ju ilé lọ,
Ẹ bá mi gbé òrùlé sókè o,
Ọmọ mi mú igi ọ̀pẹ wálé.

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Dúṣàn lorúkọ rẹ̀. Yugosláfíà ni wọ́n ń pe ìlú wọn, níbi tí Jọkẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́ apòògùn. Jọkẹ́ ti lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, ó ku ẹyọ kan. Iṣẹ́ Dúṣàn sì ni bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀ o, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbá mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń jù sínú agbọ̀n ni, básíkẹ́ẹ̀tì. Jọkẹ́ ní agbọ̀n náà kò nídìí.

Mo ní, "Kí ló wá ń dúró nínú ẹ̀?"

Ó ní, "Kò sí, Màmá. Ó ń jábọ́ ni."

"Iṣẹ́ lẹ sì ń pè é?"

"Iṣẹ́ ni, Màmá. Wọ́n ń sanwó oṣù fún un. Tí ìlú wọn bá sì fẹ́ bá ìlú mìíràn díje, òun wà lára àwọn tí wọ́n ń wọ̀ láṣọ ìlú."

Mo ní kò burú. Ẹni tí ìlú rẹ̀ wọ̀ láṣọ, a kì í pè é ní aláìníṣẹ́.

Bàbá Jọkẹ́, ọmọ mi, ti kú, ọkọ mi náà ti kú, torí náà àwọn àbúrò ọkọ mi méjì ló jókòó láti gba àlejò. Alhaji Mọ́ṣúdù ni olórí ẹbí. Simeon tó tẹ̀ lé e ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Bí ilé wa ṣe rí nìyẹn: ẹni tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí ń lọ, ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ, ìkòkò ọbẹ̀ kan náà la jọ ń ṣí.

Jọkẹ́ ti kọ́ ọkùnrin yìí ní ìdọ̀bálẹ̀. Ó na ara rẹ̀ tán, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ Alhaji, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Simeon ní, "Ẹ sọ fún àwọn ará òde kí wọ́n má tẹ àna wa mọ́lẹ̀ o."

Alhaji ní kó dìde. Inú Alhaji ti dùn sí i, mo rí i lójú rẹ̀. Ó kù kó bi í ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá wá fẹ́ aya nílẹ̀ wa. Èmi náà, ọkọ mi dáhùn rẹ̀ fún bàbá mi kí wọ́n tó fi mí fún un. Alhaji ní, "Ọ̀nà tó o gbà wá, ṣé ó mọ́? Ṣé kò sẹ́ni tó ti pè ọ́ ní tirẹ̀ ṣáájú wa?"

Kò sí ògbufọ̀ mìíràn ju Jọkẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ó yí i sí èdè wọn. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tó fẹ̀ bí àwo. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Jọkẹ́ ń gbé e wá sí Yorùbá bó ṣe ń jáde, kò rò ó wò.

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan wà. Ó ní Amẹ́ríkà ni wọ́n wà. Ó ní wọ́n ti pe orúkọ òun láti ọdún méjì sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ wọn ni ẹ̀tọ́ òun wà, kò sì sí ẹlòmíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà tó lè bá òun sọ̀rọ̀."

Alhaji ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Àfẹ́sọ́nà ni!" ló wí. "Jọkẹ́, àfẹ́sọ́nà ẹlòmíràn lo mú wá bá wa! Wọ́n ti fẹ́ ẹ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà!"

"Rárá o, bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń sọ."

"Bọ́ọ̀lù ni o, akèrègbè ni o, ṣé wọ́n pe orúkọ ẹ̀ àbí wọn ò pè é?"

"Wọ́n pè é, ṣùgbọ́n..."

"Ẹlòmíràn lè gbà á àbí kò lè gbà á?"

"Ní Amẹ́ríkà nìkan ni kò ti lè gbà á, bàbá."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan! Ó ní ní Amẹ́ríkà nìkan ni!"

Simeon ní, "Àwọn ọkùnrin ló tún ń fẹ́ ọkùnrin sọ́nà? Jọkẹ́, ayé yín yìí mà ti dé ibi tó dé o."

Omi ti ń bọ́ lójú Jọkẹ́, ẹ̀rín sì tún ń pa á. Ó ṣàlàyé. Ó ní lọ́dọọdún, gbogbo ẹgbẹ́ olówó tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà máa ń pàdé níbì kan, wọn á máa pe orúkọ àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tó bá pè ọ́, òun ló ni ọ́, òun nìkan ló lè bá ọ dúnàádúrà. Wọ́n tún lè pe ẹni tó wà lókè òkun tí kò mọ ilẹ̀kùn ilé wọn. Ẹlòmíràn wà tí wọ́n pè, tó dàgbà, tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, tí kò débẹ̀ rí.

Àwọn ọkọ mi méjèèjì ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Àmọ́ ó yé mi. Ó yé mi bí ẹní mu omi, nítorí wọ́n ti pe orúkọ tèmi náà rí.

Mo ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ kí n bi í léèrè."

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ bi í. Ọ̀rọ̀ yìí ti ju tèmi lọ."

Mo fa àpótí mi sún mọ́ ọn. Mo ní, "Jọkẹ́, bi í: ṣé wọ́n ti rí i rí?"

Ó ní ọkùnrin kan wá lẹ́ẹ̀kan, ó jókòó sẹ́yìn, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé, kò kí òun.

"Ṣé wọ́n ti gbé nǹkan kan wá fún àwọn òbí rẹ̀?"

Ó ní rárá, lẹ́tà nìkan.

"Lẹ́tà ti ìgbà wo?"

Jọkẹ́ bi í. Ọkùnrin náà dáhùn, èsì náà kò sì gùn. Jọkẹ́ kò yí i fún wa. Ó kọjú sí i, ó sọ ọ̀rọ̀ kan lédè wọn, òun náà fèsì, Jọkẹ́ tún sọ̀rọ̀, èyí le. A ń wo ẹnu wọn bí ẹni ń wo ìjà lókèèrè.

Mo ní, "Jọkẹ́. Ìwọ la fi ṣe ẹnu fún gbogbo wa o."

Ó nu ojú. Ó ní, "Màmá, ó ní lẹ́tà mìíràn dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ kó wá ní oṣù kẹwàá, káwọn wò ó bóyá ó lè dúró. Kò sọ fún mi. A ti jọ pinnu ibi tá a máa gbé. Kò sọ fún mi."

Ìgbà yẹn ni gbogbo wa wá mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín mọ́. Ìgbéyàwó ọmọ mi ló fẹ́ dàrú níbẹ̀.

Mo wo ọkùnrin yẹn. Ó ti ká ẹsẹ̀ gígùn méjèèjì mọ́ abẹ́ àga bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ nà. Mo ní, "Bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ fẹ́ lọ."

"Màmá..."

"Bi í."

Ó bi í. Ọ̀rọ̀ tó sọ gùn díẹ̀, Jọkẹ́ sì túmọ̀ rẹ̀ láì wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun bẹ́ẹ̀ rí. Olùkọ́ bọ́ọ̀lù òun ní kí òun má lọ, bàbá òun ní kí òun má lọ. Àwọn tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù yìí lágbàáyé ní òfin kan: ẹni tó bá ti ń gbá a fún àwọn olówó Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ìlú rẹ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀rù yẹn ń ba òun. Ẹ̀rù pé Jọkẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun náà ń ba òun. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ lọ. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń fẹ́ lọ.

Alhaji mí kanlẹ̀. "Ó tán. Ẹni tó fẹ́ lọ sílé ẹlòmíràn, kí la fẹ́ fi ọmọ wa ṣe lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo ní, "Àlàájì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kò sọ rí."

Mo sọ fún wọn. Mo ní mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí àwọn ará ìlú Àgbàdo fẹ́ mi sọ́nà fún ọmọ wọn, Olúbọ̀dé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ru iṣu tuntun wá fún bàbá mi. Nígbà tí mo wá tó ilé ọkọ, bàbá mi ní òun gbọ́ pé àwọn ará ilé yẹn kì í jẹ́ kí ìyàwó wọn padà wá bá ẹbí rẹ̀ ṣọdún. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní mi ò lọ mọ́. Bàbá mi dá ẹrù wọn padà, mo sì fẹ́ ọkọ mi, ọkọ tó dára, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

"Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ lọ," ni mo wí. "Kò sẹ́ni tó lé mi, ẹ̀rù ló dá mi dúró. Ọdún mẹ́wàá gbáko, tí ọmọ tó ń kiri àgbàdo bíbọ̀ bá ti pariwo ọjà rẹ̀ lójú ọ̀nà, àyà mi á já. Àgbàdo jíjẹ ló ń polówó o, Àgbàdo ìlú wọn lèmi ń gbọ́. Bí ọkọ mi bá ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, mi ò ní gbọ́ ohun tó sọ."

Simeon bú sẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa! Àgbàdo bíbọ̀! Abájọ tẹ́ ẹ fi máa ń sáré jáde!"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín jàre. Jọkẹ́, bó o bá fẹ́ ẹ báyìí kó má lọ, inú ilé rẹ ni Amẹ́ríkà máa wà. Ibùsùn kan náà lẹ jọ máa sùn."

Ọkọ̀ kan tó ń lọ síhà Ìgandò fọn fèrè lóde. Jọkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Alhaji.

"Bàbá, ẹ má tíì dá a lóhùn. Ẹ má gbà á, ẹ má sì kọ̀ ọ́. Kó lọ. Èmi náà máa parí ìwé mi. Mi ò ní bá a lọ, mi ò sì ní sọ pé kó padà. Tó bá rí i pé ibẹ̀ lòun fẹ́ dúró, kó kọ̀wé sí mi, kó má purọ́. Tó bá tún fẹ́ mi lẹ́yìn tó ti rí i tán, kó padà wá dọ̀bálẹ̀."

Ó yí i sí èdè wọn fún Dúṣàn, gbogbo rẹ̀, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo mọ̀ nítorí ó pẹ́, ojú ọkùnrin náà sì pọ́n. Ó fi ọwọ́ ńlá méjèèjì gbá orí rẹ̀ mú.

Alhaji wò mí. "Ìyàwó wa, irú ìgbéyàwó wo nìyí?"

Mo ní, "Àwa náà ti pe orúkọ ẹ̀ nìyẹn, Àlàájì. Ẹ jẹ́ á jẹun." Mo sì gbé orin:

Ẹni tó ń lọ, kó lọ o,
Ọ̀nà kì í ba ẹni tó mọ̀ ọ́n jẹ;
Ẹni tó ń dúró, kó dúró o,
Ojú tó ti rí i kì í wá a kiri.

Ó lọ lóṣù kẹwàá. Wọ́n wò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ní ojú rẹ̀ mọ agbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó. Wọ́n ní kó máa lọ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ wọn, nítorí náà aṣọ ìlú rẹ̀ kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó kọ̀wé sí Jọkẹ́, kò purọ́: ó ní ká ní wọ́n gba òun, òun ì bá dúró. Jọkẹ́ bínú sí lẹ́tà yẹn fún oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ló fèsì. Lọ́dún 1988, Dúṣàn tún wá dọ̀bálẹ̀ n'Íkòtún, Alhaji sì dá a lóhùn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa òfin aṣọ ìlú yẹn rẹ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn mìíràn lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n sì dúró, wọ́n ń fi wọ́n hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí Jọkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ wá fi hàn mí lọ́dún 1990, mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ máa ń wò ó.

Ó ní, "Ó máa ń wò ó, Màmá. Mo bi í bóyá ó ń dùn ún. Ó ní ó ń dun òun, ṣùgbọ́n òun ti mọ bó ṣe tó."

Mo gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó kọjá orúnkún mi. Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́, nítorí èmi ò dé Àgbàdo wò rí, mi ò mọ bí tèmi ṣe tó títí di òní.